Ọwọ́ Méjèèjì Lára Ògiri

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni wọ́n fi ọdún mẹ́rin gbáko sọ mí di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé wa ní Ṣakí kì í ṣe ilé tó ń dákẹ́ láàárọ̀. Ládàánì á pe ìrun, àwọn awó tí Bàbá ń sìn á bẹ̀rẹ̀ ariwo lórí igi, odó á máa dún gbì, gbì, nílé kejì, ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́yìnkùlé wa á wúkọ́ wúkọ́ kó tó gbà láti ṣiṣẹ́. Gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn Ìyá Àgbà: "Ràfátù! Ọwọ́ wo nìyẹn?" Mi ò ní tíì la ojú tán o. Ó lè jẹ́ pé mo kàn ń fi òsì nu ipin ojú ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbà pé ọwọ́ tí ọmọ bá fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ni yóò fi parí rẹ̀. Bí a bá jókòó ti ọkà àti ọbẹ̀ ìlasa, ìborùn wọn ni wọn yóò fi so ọwọ́ òsì mi mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò sì jókòó tì mí títí n ó fi jẹun tán. Bí mo bá ṣèèṣì na òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọmọ orógùn tí wọ́n fi ń ro ọkà á ti bá eegun ọwọ́ náà kí n tó rántí ara mi. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," wọn á ní, "ká má tíì sọ ti kí a nà án sí baba náà lójú." Inú máa ń bí mi. Mo lè sọ ọ́ báyìí tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Nígbà náà, ta ni mo jẹ́ tí inú yóò bí mi sí Ìyá Àgbà?

Iṣẹ́ èlùbọ́ ni wọ́n ń ṣe nílé wa. Oko iṣu Bàbá wà lọ́nà Àgọ́-Àrẹ, lẹ́bàá odò kan tí kì í gbẹ tán bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tilẹ̀ le. Màámi àti Ìyá Àgbà á bọ iṣu nínú agbada ńlá. Èmi àti Múrí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, la máa ń rù ú lọ sá sórí àpáta kó lè gbẹ di gbodo. A ó máa yí i, a ó máa lé ewúrẹ́, oòrùn á máa ṣe bí ẹni pé àwa náà ló fẹ́ sá gbẹ. Bí iṣẹ́ bá ti tán, ó dodò. Múrí ló kọ́ mi ní ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì la omi níwájú, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tì í sẹ́yìn. Kí n má purọ́, ohun tó jẹ́ kí omi wù mí nìyẹn. Kò sí ọ̀tún níbẹ̀, kò sí òsì. Ohun tí ọ̀tún bá ṣe ni òsì ń ṣe, lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò fi orógùn na èyíkéyìí nínú wọn. Láàárín ọdún méjì, Múrí ò lè bá mi mọ́ nínú omi. Ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ni Tíṣà Sùlé dé iléèwé wa. Ọmọ ìlú etí omi kan ni, wọ́n gbé e wá sí Òkè-Ògùn láti wá kọ́ wa ní ìṣirò, àárò omi sì ń sọ ọ́. Ọjọ́ tó rí wa lódò, ó dúró sí bèbè, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n wẹ̀ láti ibi òkúta dé ibi gbòǹgbò igi, ó tún wo aago. "Tún un wẹ̀," ó ní. Mo tún un wẹ̀. Ó fi ọwọ́ lérí. Bí ọ̀rọ̀ ìdíje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé jọ n'Ìbàdàn láti wá fi omi díje, pé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín wọn, kí ẹni ọdún mẹ́sàn-án má baà lọ kó sáàárín àwọn tó ti ń hu irùngbọ̀n. Èmi ò tíì pé méjìlá, nítorí náà ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì pé méjìlá ni tèmi. Ó lọ bẹ ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì nígboro, tó gbẹ́ odò oníṣìmẹ́ǹtì sẹ́yìn ilé, pé kó jẹ́ ká máa lò ó láàárọ̀ Sátidé kí àwọn àlejò rẹ̀ tó jí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí a ń fi ṣeré ní òfin. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ lọ, kí wọ́n jọ bọ̀. Ẹsẹ̀ bákan náà. Èyí tí Tíṣà ń tẹnu mọ́ jù ni ti ògiri: bí o bá dé òpin, ìbáà ṣe láti yípo, ìbáà ṣe láti parí, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. "Méjèèjì!" á máa pariwo létí omi, títí ẹnì kan á fi yọjú lójú fèrèsé òkè pé ta ni kò jẹ́ kí àwọn sùn. Kò ṣòro fún mi rárá. Ṣebí ògiri lásán ni.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni Bàbá. Tíṣà wá bá wọn lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ kan, wọ́n jókòó lábẹ́ igi móńgòrò pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Èmi ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dìde, Tíṣà, ẹ dìde," Bàbá wí. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ mú ọmọ mi lọ wẹ̀ n'Ìbàdàn. Ṣé omi ti tán ní Ṣakí ni?"

"Omi wà, sà. Ìdíje ni. Ọmọ yín yára, Bàbá Múrí. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé agbègbè yìí."

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ," Bàbá ní. "Àwọn wo ni yóò sì máa wò ó?"

"Àwọn òbí, sà. Àwọn tíṣà."

"Pẹ̀lú aṣọ wo?"

Tíṣà mọ aṣọ táwọn ọmọ ń wọ̀ níbẹ̀, ó sì mọ ilé tó wà. Ohùn Ìyá Àgbà ló jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn: "Pẹ̀lú aṣọ tí èmi bá rán fún un."

Bàbá yí padà. "Màámi, ẹ̀yin náà?"

"Àkànbí, ọmọ tó mọ nǹkan ṣe, ká jẹ́ kó ṣe é. Èmi ni n ó mú un lọ, èmi náà ni n ó mú un padà wá fún ọ."

Títí di òní, mi ò mọ ohun tó wọ Ìyá Àgbà lára lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń so mí lọ́wọ́! Bàbá yí tẹ̀sùbáà lọ, wọ́n yí i bọ̀. Wọ́n ní ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá gba ipò kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta, kí n mú un wá han àwọn, a ó tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí mi ò bá gba nǹkan kan, kí Tíṣà má tún bá àwọn sọ̀rọ̀ omi mọ́. Ọjọ́ Sátidé tí mo fi ń wẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò Màámi tó ń ránṣọ ní Ìwéré-Ilé ni n ó máa lò ó. "Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe méjì," Bàbá wí. Òótọ́ ni, kì í ṣe méjì. Àwọn tó ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa ọmọ wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, mo ń da òkúta sínú èyí tó mọ́.

Ẹ ò bá rí aṣọ náà! Aṣọ ọlọ́ràá dúdú ni, ṣòkòtò rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ìborí sì wà tó mú orí típẹ́típẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́ wọnú omi, omi kún inú ṣòkòtò, mo sì rì bí àpò gbodo. Ìgbà mẹ́ta ni Ìyá Àgbà tú u tí wọ́n sì tún un rán, tí Tíṣà ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá wa fún un díẹ̀ sí i," títí ó fi lẹ̀ mọ́ mi lára débi tí omi ò fi rí ibi kankan wọ̀ mọ́.

Èmi, Ìyá Àgbà àti Tíṣà ti lọ sí Ìbàdàn láti ọjọ́ Jímọ̀, a sì sùn sílé ìbátan Màámi kan. Láàárọ̀ Sátidé, ibi tí wọ́n mú wa dé, ariwo ibẹ̀ ju ti ọjà Ṣakí lọ. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Odò oníṣìmẹ́ǹtì náà gùn, omi rẹ̀ mọ́ gaara, wọ́n fi okùn tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́ràá ńláńlá mọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ. Tíṣà mú bírò, ó kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí mi lápá: ti ìdíje tí mo fẹ́ ṣe, ti ọ̀wọ́ tí mo wà, àti ti ọ̀nà tí n ó gbà. Ìyá Àgbà fà mí lápá wò ó. "Ṣé ẹran tí wọ́n ń kó lọ Èkó ni ọmọ mi ni, tẹ́ ẹ fi ń kọ nǹkan sí i lára?" Tíṣà ṣàlàyé pé kí ọmọ má baà gbàgbé ni. Ó ní mẹ́jọ péré ló lè wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ sì ju ogójì lọ; ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọn yóò fi wẹ̀, wọn yóò kọ àkókò oníkálukú sílẹ̀, àwọn mẹ́jọ tó bá yára jù nínú gbogbo wọn ni yóò padà wá wẹ̀ àṣekágbá. "Ẹni tó bá wá yára jù nínú àwọn mẹ́jọ náà," Tíṣà ní, "ọ̀nà kẹrin ni wọ́n ń fi sí, láàárín gbùngbùn, níbi tí ìgbì kì í ti í da èèyàn láàmú." Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Ìyẹn ni pé àga olóyè ni." Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sẹ́ni tó ń sọ nípa ìdíje omi: jíjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wẹ́rẹ́ ni wíwẹ̀ ń parí, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ni èèyàn ń lo gbogbo ọjọ́. Wọ́n tò wá sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Bí àwọn tó wà níwájú bá ti lọ wẹ̀, a ó sún sórí bẹ́ǹṣì tó kàn. Àwọn ọmọ tó kù ní awò omi lójú. Wọ́n ń wo aṣọ mi, wọ́n ń fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn. Nǹkan ojú mi rí! Rẹfirí, obìnrin gíga kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀, ti wo aṣọ náà ní tirẹ̀, ó ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń fun fèrè. Fèrè kúkúrú, kúkúrú, ìyẹn ni pé kí ẹ múra. Fèrè gígùn, ẹ gun pèpéle tí a ti ń bẹ́ sómi. Á ní, "Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà," gbogbo ibẹ̀ á pa rọ́rọ́, ìró kan á sì dún, ó di omi. Ẹni tó bá mira kí ìró náà tó dún, ó ti jáde nìyẹn. Wọ́n lé ọmọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ níṣojú wa, ó ń sunkún lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti ń pín wàrà àti dùǹdú fún àwọn ará ìdí wọn lórí àga òbí, kígbe pé, "Ẹ ẹ̀ wò ó! Ọmọ náà ṣáà yára ni!"

Létí omi, níbi tí a ó parí sí, aláago kan wà fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Aláago là ń pe àwọn tó mú aago kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ìró bá dún, tí wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ bá kan ògiri. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sójú omi kí wọ́n lè rí ọwọ́ ọmọ dáadáa. Ọ̀nà kejì ni mo gbà nínú ọ̀wọ́ tèmi, aláago ibẹ̀ sì jẹ́ omidan kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo lọ, mo yípo, mo bọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri, ó tẹ aago rẹ̀, ó fẹ́ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀, ó bẹ́. Nígbà tí wọ́n lẹ ìwé àkókò mọ́ ògiri, Tíṣà Sùlé sáré bọ̀ wá bá wa, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà. "Òun ló yára jù! Màmá, òun ló yára jù nínú gbogbo wọn! Ọ̀nà kẹrin!" Ìyá Àgbà kírun ọpẹ́ síbi tí wọ́n wà. Èmi, mo ti ń ro bí n ó ṣe wọlé bá Bàbá. Mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi: Bàbá, ipò kìíní.

A padà lọ fún àṣekágbá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo gun pèpéle kẹrin, ìró dún, mo bẹ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù lára mi. Mo dé òpin kejì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì, mo yípo. Ìgbà tí mo ń bọ̀, bí mo bá ti yọrí láti mí, mi ò rí orí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́tùn-ún, mi ò rí ní òsì. Mo yọrí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ku díẹ̀, mo sì rí aláago ọ̀nà kẹrin. Baba arúgbó kan ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, fìlà rẹ̀ dà bíi fìlà tí àwọn àgbà ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí Jímọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi, ojú rẹ̀ ń wo ojú mi, ó na ọwọ́ tó mú aago sórí omi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì ń lọ síwájú. Ọ̀tún lọ. Òsì padà sẹ́yìn. Wallahi, mi ò dá a padà. Ó padà fúnra rẹ̀ ni, ó lọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ìborùn máa ń so ó sí. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi kan ògiri ní iwájú baba náà, mo tẹrí ba nínú omi, mo ní: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi," baba náà dá mi lóhùn, ó tẹ aago.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Gbogbo èèyàn rí i. Ṣùgbọ́n Rẹfirí ti na ọwọ́ sókè gbọọrọ, ó dúró bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo tilẹ̀ rò pé èmi ló ń kí. Ìgbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ mi tó ní wọ́n ti yọ mí kúrò nítorí ọwọ́ kan, omi inú etí mi ni mo kọ́kọ́ gbọ̀n dànù, mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. Tíṣà sáré lọ bá Rẹfirí. Baba aláago náà dìde, ó ń bá mi bẹ̀bẹ̀: "Madam, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọmọ yìí bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ó kí mi!" Obìnrin náà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé: "Mo gbọ́ ọ, sà, ó sì dùn mí. Àwọn ọmọ méje tó kù, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri, kí ni kí n wá wí fún wọn?" Ó pẹ́ kí n tó dáríjì í. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti wọ irú aṣọ funfun yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún báyìí, mo ti na ọwọ́ sókè lórí ọmọ ọlọ́mọ, mo ti gbọ́ tí àwọn ìyá ń fi mí ré. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá na ọwọ́ yẹn, ó máa ń dùn mí, mo sì máa ń lọ jókòó ti ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí, omi ń ro lára mi. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá láti orí àga òbí, wọ́n di gbogbo ọ̀pá irin tí wọ́n kọjá mú. "Kí ló ṣe? Ta ló rẹ́ ọmọ mi jẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ, Màmá," Tíṣà ní. "Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi kan ògiri. Ó yẹ kí òsì bá a lọ."

"Kí ló dé tí òsì ò bá a lọ?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní: "Ìyá Àgbà, baba àgbàlagbà ni ó wà níbẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo baba aláago náà, tó ti ń fi fìlà nu ojú. Mo rí i tó yé wọn. Ojú wọn já wálẹ̀ báyìí, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì mí lórí ṣìmẹ́ǹtì tó tutù, pẹ̀lú aṣọ tó dára tí wọ́n wọ̀ wá. Wọn ò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a kọjá Ìséyìn, wọ́n mú ọwọ́ òsì mi, wọ́n gbé e lé itan wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn bò ó títí a fi dé Ṣakí. Èmi ń sunkún nítorí Bàbá. Mo ti mọ èsì wọn kí n tó dé ilé.

Bàbá wà lábẹ́ igi móńgòrò. Wọ́n ti gbé ìjókòó méjì sílẹ̀ dè wá, èyí tó jẹ́ kó tún dùn mí sí i, torí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń retí wa tipẹ́. A kí wọn, wọ́n dáhùn. Wọ́n ní, "Ipò kelòó?"

Tíṣà Sùlé ló ṣàlàyé, kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó ní mo kọ́kọ́ dé. Ó ní wọ́n yọ mí. Ó sọ ìdí rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé kò gba nǹkan kan," Bàbá wí.

"Kò gbà á, sà."

"Ó dáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Tíṣà, ẹ ti gbìyànjú. Ó parí nìyẹn."

Mo ti dìde pé kí n lọ bọ́ sínú ilé. "Jókòó," Ìyá Àgbà wí fún mi. "Àkànbí, kò tíì parí."

"Màámi, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi—"

"Mo mọ ọ̀rọ̀ ẹ. Èmi ni mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́n kí ó tó di ọ̀rọ̀. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi so ọwọ́ ọmọ yìí. Mo fi orógùn lù ú, ìwọ náà ń wò mí. Mo ní kó má nà án sí àgbà láéláé. Ó rí àgbà nínú omi, kò nà án. Èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀? Ká ní aláìgbọràn ni, ipò kìíní ni ìbá gbà, ìwọ ìbá ti máa pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ṣé ìgbọràn lo wá fẹ́ fìyà rẹ̀ jẹ ọmọ? Èmi ni kí o fìyà jẹ. Èmi ni mo kùnà." Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n pe oríkì mi. "Àṣàkẹ́, má bínú sí mi."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, àgbà ilé wa kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí, mi ò sì gbọ́ ọ mọ́ títí wọ́n fi lọ bá Ọlọ́run wọn. Mo bú sẹ́kún, mo kúnlẹ̀ kí n máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bẹ̀ mí. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Màámi, tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìgò omi, dúró sójú kan pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Awó nìkan ló ń pariwo lórí igi. Bàbá yí tẹ̀sùbáà, wọ́n yí i, wọ́n yí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o sápò, wọ́n dìde, wọ́n ṣí fìlà lé orí ìjókòó, wọ́n lọ fi ẹ̀yìn ti ara ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

"Ràfátù, wá. Fi hàn mí bí ó ṣe yẹ kó rí."

"Níbo, Bàbá?"

"Èmi ni ògiri. Máa bọ̀."

Mo nu ojú, mo rìn lọ. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo gbé e lé wọn láyà.

"Ìkejì ńkọ́?"

Mo bojú wẹ̀yìn wo Ìyá Àgbà. Wọ́n mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó wúwo bí odó. Mo gbé e lé wọn láyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó nà án sí bàbá mi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Òórùn oko ṣì wà lára ẹ̀wù wọn. Mo ń gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, kíákíá, bí àyà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Wọn ò sún, wọn ò yí ojú kúrò. Wọ́n gbé ojú kọjá orí mi, wọ́n wo Tíṣà Sùlé.

"Tíṣà," Bàbá wí, "ọjọ́ wo ni òmíràn?"